Wọ́n Ti Pínyà: Ṣé Wọ́n Ti Kọ Ara Wọn Sílẹ̀?

ÈRÒŃGBÀ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Nígbà tí ẹ bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín pínyà, kọ̀ sílẹ̀ àti dálémosú. Ẹ ó lè ṣàlàyé ní Yorùbá ohun tí kóòtù lè ṣe fún tọkọtaya tí kò fẹ́ gbé pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹ ó sì mọ ìbéèrè tó yẹ kí ògbufọ̀ bi ẹni tó bá sọ pé, “Wọ́n ti kọ̀wé sí kóòtù.”

A. KÍ Ẹ TÓ KÀ Á

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ní London, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi ní kó wá ṣe ògbufọ̀ fún ẹnì kan ní ọsibítù, ní ọ́fíìsì káńsù tàbí lọ́dọ̀ lọ́yà. Ní Peckham, ní àgbègbè Southwark, àwọn Yorùbá pọ̀ débi pé àwọn èèyàn ń pe àdúgbò náà ní Èkó Kékeré. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà lára ohun tí ìtumọ̀ tí kò péye ti lè ba ayé èèyàn jẹ́. Ẹ ka ìtàkùrọ̀sọ tó wà nísàlẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, ẹ fa ilà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ pé tọkọtaya kò sí pọ̀ mọ́.

B. ÌTÀKÙRỌ̀SỌ

Ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Rye Lane ni. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Oníbàárà rẹ̀ kò tíì pé ogójì.

Oníbàárà: Ẹ káàsán mà. Ajé á wọgbá o.

Ìyá: Àmín o. Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́?

Oníbàárà: Àwọn ọmọ wà dáadáa, mà. Bàbá wọn… a ti pínyà, mà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin.

Ìyá: Ẹ ti pínyà! Ta ló pín yín níyà? Ṣé ẹ dé kóòtù ni?

Oníbàárà: Rárá, mà. Ó kó lọ sí Manchester. Èmi àti àwọn ọmọ wà ní Queen's Road. Àwọn ẹbí méjèèjì pàdé ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, a sì dá owó orí wọn padà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé n kì í ṣe ìyàwó wọn mọ́.

Ìyá: Níbo lẹ ti ṣègbéyàwó?

Oníbàárà: A kọ́kọ́ ṣe ti ìbílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí a dé ibí, a ṣe ti rẹ́jísìrì.

Ìyá: Họ́wù! Ìwé tí ẹ gbà ní rẹ́jísìrì, ṣé pálọ̀ ni wọ́n ti ń fà á ya? Ìwọ ṣì ni ìyàwó rẹ̀ o.

Oníbàárà: Ẹnì kan ní kí n lọ gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀, mà. Mi ò fẹ́ ẹ. Ìjọ wa kò fọwọ́ sí i, màmá mi náà sì ní òun ò ní gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú lónìí, ta ni yóò jogún ohun tí mo fi òógùn ojú mi kó jọ?

Ìyá: Ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Lọ bá lọ́yà kí o tó tún bá ẹbí kankan jókòó. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì.

D. ÀKÀYÉ

1. Ilé bàbá

Àwọn Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó kúrò nílé ọkọ lè má tíì kọ ọkọ sílẹ̀. Bí ìjà bá le, obìnrin a kó ẹrù rẹ̀, a padà sí ilé bàbá rẹ̀. A ó sọ pé ó ti dálémosú. Owó orí tí ọkọ san ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Ọkọ lè rán àwọn àgbà láti wá bẹ̀bẹ̀, àwọn àna sì lè jókòó kí wọ́n parí ìjà náà. Bí obìnrin náà bá fẹ́ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ dídá owó orí padà yóò wáyé. Láyé àtijọ́, owó orí tó bá padà ló ń fi hàn pé ìgbéyàwó ti pin.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn èèyàn máa ń fi dálémosú bú obìnrin. Ẹ lè fi ṣàlàyé àṣà nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ má fi pe ẹnikẹ́ni lójú ara rẹ̀.

Ní Peckham, ilé bàbá jìnnà. Ilé kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ lè jẹ́ èyí tí tọkọtaya jọ ń san owó rẹ̀ fún báńkì. Yàtọ̀ sí èyí, òfin kò ka ìpàdé ẹbí sí. Òfin ọdún 1986 là á kalẹ̀ pé kò sí ìkọ̀sílẹ̀ tí a ṣe nílẹ̀ yìí tó múlẹ̀ àfi èyí tí kóòtù ìjọba bá fọwọ́ sí. Owó orí tí wọ́n dá padà ní pálọ̀ lè tán ọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹbí, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní rẹ́jísìrì kò tú ká. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ìyá fi sọ pé, “Ìwọ ṣì ni ìyàwó rẹ̀.”

2. Ọ̀nà tó wà láàárín

Kó tó di ọdún 1858, kóòtù ìjọ ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kóòtù yẹn kò lè tú ìgbéyàwó tó múlẹ̀ ká kí ẹni náà lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó yọ̀ǹda fún tọkọtaya láti má sùn pọ̀, kí wọ́n má sì jẹun pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, owó kékeré kọ́ ni wọ́n sì ń ná sí i. Òfin ọdún 1857 gba àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́ ìjọ, ó gbé wọn fún kóòtù ìjọba, ó sì sọ àṣẹ àtijọ́ yẹn ní judicial separation. Orúkọ náà ló ṣì ń jẹ́ nínú òfin dòní. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní ìpínyà lábẹ́ òfin.

Ní England àti Wales, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìpínyà lábẹ́ òfin gbọ́dọ̀ sọ ìdí: bóyá ẹnì kejì ṣe àgbèrè, tàbí ó hu ìwà tí kò ṣeé fara dà, tàbí wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún iye ọdún kan. Àwọn Yorùbá ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Òfin àtijọ́ jẹ́ kí òwe yẹn ṣẹ dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kejì sílẹ̀ fún adájọ́. Ní báyìí, kò sí pé a ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹnì kan lè kọ̀wé, àwọn méjèèjì sì lè jọ kọ ọ́.

Báwo wá ni ọ̀nà méjèèjì ṣe yàtọ̀ síra?

Èkíní ni àkókò. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan kò lè béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀. Ó lè béèrè fún ìpínyà lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀ yóò dúró fún ọ̀sẹ̀ 20 kó tó lè béèrè fún àṣẹ àkọ́kọ́, yóò sì tún dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn àṣẹ yẹn kí èyí tó kẹ́yìn tó lè jáde. Àṣẹ kan ṣoṣo ni ti ìpínyà lábẹ́ òfin.

Èkejì ni orúkọ tí wọn yóò máa jẹ́. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, wọn kì í ṣe tọkọtaya mọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè fẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìpínyà lábẹ́ òfin, tọkọtaya ṣì ni wọ́n. Kò sí ẹni tó lè fi dandan mú wọn gbé pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Bí ìjà bá tán, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé àṣẹ náà, kò sì ní di dandan kí wọ́n tún ìgbéyàwó ṣe. Bí ìjà kò bá sì tán, ọ̀nà ìkọ̀sílẹ̀ ṣì wà níwájú wọn.

Fún onígbàgbọ́ tí ìjọ rẹ̀ kò fara mọ́ ìkọ̀sílẹ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ 240 ní Southwark nìkan tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí ìjọ bá sọ nípa ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ ilé ní Peckham ló ń gbọ́ ọ.

3. Ilé, ogún àti owó ìfẹ̀yìntì

Ibí yìí ni ìbéèrè oníbàárà yẹn ti bá wa. Ní England, bí ẹni tó ní ọkọ tàbí aya bá kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin ló ń pín ogún rẹ̀. Bí ọmọ bá wà, ọkọ tàbí aya yóò kó ẹrù olóògbé, yóò gba £322,000 àkọ́kọ́ nínú dúkìá tó kù, yóò sì tún gba ìdajì ohun tó bá ṣẹ́kù. Àwọn ọmọ ló ni ìdajì kejì. Iye tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù keje 2023 nìyẹn. Kò sí ibì kankan tí òfin ti béèrè bóyá àwọn méjèèjì ti rí ara wọn láti ọdún mẹ́rin.

Nítorí náà, bí oníbàárà wa bá kú lónìí láìkọ ìwé ìhágún, ẹni tó kó lọ sí Manchester ni yóò kọ́kọ́ jogún rẹ̀. Bí ọkùnrin náà ló bá ṣáájú, òun ni yóò jogún rẹ̀, ohun yòówù kí àwọn ẹbí ọkọ máa sọ.

Bí kóòtù bá ti fún wọn ní àṣẹ ìpínyà lábẹ́ òfin, tí wọ́n sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin yóò pín ogún rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kejì ti kú ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun méjì tí àṣẹ náà kò fọwọ́ kàn. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìhágún. Bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ pé kí ìyàwó òun gba ilé, ìpínyà lábẹ́ òfin kò pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ìkọ̀sílẹ̀ ló ń pa á rẹ́. Ìkejì ni ilé tí àwọn méjèèjì jọ ni lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Àṣẹ ìpínyà kò yí ìyẹn padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé mìíràn ya ìpín wọn sọ́tọ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì náà ní tirẹ̀. Nínú ìkọ̀sílẹ̀, kóòtù lè gé apá kan owó ìfẹ̀yìntì ẹnì kan kó di ti ẹnì kejì pátápátá. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìpínyà lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pín ilé àti owó mìíràn, ó sì lè ní kí ẹnì kan máa gbọ́ bùkátà ẹnì kejì. Ní ìdà kejì, nítorí pé wọ́n ṣì jẹ́ tọkọtaya, ẹni tó bá kù lè gba owó opó lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ olóògbé, bí ìlànà ilé iṣẹ́ náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà kan fi ń yan ìpínyà.

Ohun méjì ló kù tí ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ yìí pẹ̀lú físà ọkọ tàbí físà aya gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba bí àwọn méjèèjì bá pínyà, ì báà má dé kóòtù. Èkejì, àṣẹ ìpínyà kọ́ ni yóò dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé. Àṣẹ ààbò mìíràn wà fún ìyẹn.

4. Bí ẹjọ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ láti Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà náà, òfin ọdún 1970 fi àyè sílẹ̀ fún ìkọ̀sílẹ̀ àti ìpínyà lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó alárédè nìkan ló kàn. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti yìgì ní kóòtù tiwọn. Ẹni tí ìgbéyàwó alárédè rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì kò lè béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀ àyàfi bí kóòtù bá gbà á láyè.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí kóòtù Èkó bá ti dá ẹjọ́, tí ọ̀kan nínú tọkọtaya sì ń gbé ní London? Ìdáhùn wà nínú ẹjọ́ Agbaje v Agbaje, tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Bìrìtìkó dá ní oṣù kẹta ọdún 2010. Ọmọ Nàìjíríà tó tún jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó ni tọkọtaya náà, ìgbéyàwó wọn sì lé ní ọdún 30. Kóòtù ní Nàìjíríà ti tú ìgbéyàwó náà ká, ó sì ti pín ohun ìní wọn. Ìyàwó, tó ń gbé ní England, sọ pé ohun tí òun rí gbà kò lè gba ilé fún òun níbí. Ilé-ẹjọ́ náà fi ọwọ́ sí i pé kó gba £275,000. Òfin ọdún 1984 ni wọ́n gbé e kà. Ohun tó kan ẹ̀kọ́ wa níbẹ̀ ni pé òfin náà kò mọ sórí ẹni tí kóòtù òkèèrè ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Ó kan ẹni tí kóòtù òkèèrè pín níyà lábẹ́ òfin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ ẹlòmíràn kò lè lò ó mọ́.

Ẹ wá rí i pé “a ti pínyà” kò tó. Ó sọ pé ẹnì kan wà ní Queen's Road, ẹnì kejì sì wà ní Manchester. Kò sọ ẹni tó pín wọn níyà, kò sì sọ ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ìyá bi oníbàárà rẹ̀ ni lọ́yà náà yóò bi í: ta ló pín yín níyà?

E. GÍRÁMÀ

1. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń là sí méjì. Kọ̀ sílẹ̀ máa ń là kí àbọ̀ lè wọ àárín rẹ̀. Bí àbọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ orí kọ̀ yóò di ohùn àárín: Ó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Bí àbọ̀ bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ kúkúrú, ohùn ìsàlẹ̀ kò yí padà: Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

2. Pínyà àti pín níyà. Àwọn méjèèjì pínyà: àwọn fúnra wọn ni. Kóòtù pín wọn níyà: ẹlòmíràn ló ṣe é. Bí ẹ bá ń ṣe ògbufọ̀, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

3. Ṣì àti mọ́. Ìwọ ṣì ni ìyàwó rẹ̀. N kì í ṣe ìyàwó wọn mọ́. Ṣì ń sọ pé ohun tó wà tẹ́lẹ̀ kò tíì parí. Mọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyísódì, ń sọ pé ó ti parí. Nínú ìtàkùrọ̀sọ wa, ogún wà lórí ọ̀rọ̀ kékeré méjì yìí.

4. Wọ́n ti ọ̀wọ̀. “Wọ́n ti kọ̀wé sí kóòtù.” Ṣé àwọn méjèèjì ni, tàbí bàbá kan tí a ń bọ̀wọ̀ fún? Yorùbá kò fi ìyàtọ̀ hàn níbí, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kóòtù ń béèrè. Ẹ bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwọn nìkan ni, tàbí àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́ ni?”

5. Ìwé. Lẹ́nu àwọn Yorùbá London, “mo ti gba ìwé mi” sábà máa ń jẹ́ ìwé ìgbélùú. Nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ béèrè irú ìwé tó jẹ́ kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ. ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

àna: ẹbí ọkọ sí ìyàwó, tàbí ẹbí ìyàwó sí ọkọ.
dúkìá: ilé, ilẹ̀, owó àti ohun gbogbo tí èèyàn ní.
fagi lé: sọ pé ohun kan kò múlẹ̀ mọ́.
gbọ́ bùkátà: pèsè owó oúnjẹ, aṣọ àti ilé fún ẹnì kan.
ìgbéyàwó alárédè: èyí tí a ṣe ní rẹ́jísìrì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ òfin ìjọba.
ìwé ìhágún: ìwé tí èèyàn fi sọ bí a ó ṣe pín ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.
olóògbé: ẹni tó ti kú.
owó ìfẹ̀yìntì: owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lẹ́yìn tó bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.
owó orí: owó tí ẹbí ọkọ san fún ẹbí ìyàwó.
yìgì: ìgbéyàwó ní ìlànà Ìsìláàmù.

F. ÌBÉÈRÈ ÀTI IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Kí ló dé tí owó orí tí wọ́n dá padà ní pálọ̀ kò fi tú ìgbéyàwó oníbàárà náà ká?

2. Ẹ sọ ohun méjì tí dálémosú àti ìpínyà lábẹ́ òfin fi jọra, àti ohun kan tí wọ́n fi yàtọ̀.

3. Ọkùnrin kan gba àṣẹ ìpínyà lábẹ́ òfin ní 2023. Ìwé ìhágún tó kọ ní 2015 fi gbogbo dúkìá rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Bó bá kú lónìí, ta ni yóò gba á? Ẹ ṣàlàyé.

4. Ẹ fi àmì ohùn tó yẹ sórí kọ: Bàbá náà kọ aya rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá náà kọ ọ́ sílẹ̀.

5. Ní méjì-méjì, ẹ ṣe eré yìí: ọ̀kan jẹ́ oníbàárà, ọ̀kan jẹ́ ògbufọ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà. Oníbàárà ju ògbufọ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin, kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ẹ àti mà.

6. Ẹ kọ àròkọ tí kò ju 250 ọ̀rọ̀ lọ: “Ìmọ̀ràn tí mo máa fún oníbàárà náà.” Ẹ lo ṣì, mọ́, pínyà àti pín níyà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.